Ọ̀ta Tí Kò Ta Ayò Fún Ọdún Kan: Bí Orúkọ Ṣe Ń Wọ Ìwé Òṣùwọ̀n Ṣẹ́ẹ̀sì, Àti Ohun Tó Ń Yọ Ọ́ Kúrò

Ní ojúde àti lábẹ́ igi ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá àti ní Ọ̀rà, kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ àwọn tó mọ ayò ọlọ́pọ́n ta sínú ìwé. Ihò 12, ọmọ ayò 48, èèyàn méjì tó kojú sí ara wọn, àti àwọn òǹwòran tí ẹnu wọn kò dákẹ́: ìyẹn ti tó ní àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ń na gbogbo àdúgbò ni wọ́n ń pè ní ọ̀ta, òpè sì ni ẹni tí wọ́n ń nà. Bí ọ̀ta bá lọ sí Èkó, tó lo ọdún 10 níbẹ̀ láìfọwọ́ kan ọpọ́n, ọ̀ta náà ni wọn yóò máa pè é lọ́jọ́ tó bá padà wálé, títí ọ̀dọ́ kan yóò fi já oyè náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ayò ṣẹ́ẹ̀sì, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń ta lórí pátákó onígun mẹ́rin tó ní ojú 64, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ń mọ ọ̀ta tirẹ̀. FIDE, àjọ tó ń darí ayò náà lágbàáyé, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Paris lọ́dún 1924, ló ń gbé ìwé orúkọ kan jáde lóṣooṣù. Iye kan wà níwájú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ṣùgbọ́n bí èèyàn kò bá ta ẹyọ ayò kan ṣoṣo tí àjọ náà kà sí láàárín ọdún kan, wọn yóò fi àmì kékeré kan, lẹ́tà "i", sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ àmì náà ni pé ẹni yìí ti pa ọpọ́n tì. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò ní kà á mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń to àwọn ọ̀ta tẹ̀ léra, ìbáà ṣe lágbàáyé, ìbáà ṣe ní orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Òfin yìí kan ọmọ Ìlá ju bó ṣe kan ọmọ Èkó lọ. Ẹni tó ń gbé Èkó tàbí Àbújá lè rí ìdíje tí FIDE kà sí láìfi ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ìlá Ọ̀ràngún, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítòsí ààlà Kwara, ní láti wọkọ̀, kó wá ibi tí yóò sùn sí, kó sì san owó ìforúkọsílẹ̀, kó tó lè ta ayò kan tí yóò wọ ìwé. Nítorí náà ló fi yẹ kí àwọn òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ ní Ọ̀ṣun Ìgbómìnà mọ ohun tí òfin náà béèrè gan-an. Kò le tó bí èèyàn ṣe lè rò, ó sì tún le ní ibi tí èèyàn kò ní fọkàn sí.

Orúkọ òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀ yóò pa Yorùbá lẹ́rìn-ín. Elo ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń ná ọjà. Arpad Elo ni ọkùnrin tó gbé e kalẹ̀ ń jẹ́, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí wọ́n bí lọ́dún 1903, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì ní Milwaukee, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1960. FIDE tẹ́wọ́ gbà á ní 1970, ó sì gbé ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1971. Síbẹ̀, bí ọmọ Yorùbá bá bi akẹgbẹ́ rẹ̀ pé "Èló ni ẹ́?", ìdáhùn tó tọ̀nà wà fún un: 1500, 1800, 2100.

Ìpìlẹ̀ ìṣirò náà kò ṣòro. Ẹni tó bá na ẹni tó jù ú lọ yóò jèrè púpọ̀. Ẹni tó bá na ẹni tí kò tó o yóò jèrè díẹ̀. Àgbà tí ọmọdé bá nà yóò pàdánù gidi. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé ayò téèyàn ń ta lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Bí kò bá sí ayò, iye náà yóò dúró sójú kan, kò ní gòkè, kò ní wálẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé agbára ẹni tó ni ín lè ti yí padà. Ohun tí àmì "i" ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí èèyàn ṣe ń wọ inú ìwé náà. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n rí gbọ́dọ̀ ta ó kéré tán ayò 5 pẹ̀lú àwọn tó ti ní òṣùwọ̀n. Kò pọn dandan kó jẹ́ nínú ìdíje kan ṣoṣo. Ó lè ta 2 lọ́dún yìí, kó ta 3 yòókù lọ́dún tó ń bọ̀, bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣáà ti kọjá oṣù 26. Bó bá jẹ́ òdo ló gbà nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, tí kò rí ẹnì kankan nà, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni ta ọ̀mì, wọn kò ní ka ìdíje náà. Iye tó bá sì jáde gbọ́dọ̀ tó 1400, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò tíì wọlé. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n máa ń fi ọ̀mì 2 kún ìṣirò ẹni tuntun, bí ẹni pé ó bá alátakò méjì tó ní 1800 ta, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ burúkú kan péré ni yóò sọ irú ẹni tó jẹ́ fún aráyé.

Ọdún 2024 yẹn náà ni FIDE gbé ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ ìwé náà láti 1000 lọ sí 1400. Fún àwọn tó wà láàárín 1000 àti 1999, wọ́n wo àlàfo tó wà láàárín iye ẹnì kọ̀ọ̀kan àti 2000, wọ́n sì fi ìpín 40 nínú 100 àlàfo náà kún un. Ẹni tó ní 1000 di 1400, ẹni tó ní 1500 di 1700. (Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó jí lọ́jọ́ náà tó rò pé ìmọ̀ òun ló pọ̀ sí i lóru, kó má bínú.) Ẹni tó bá já sí abẹ́ 1400 báyìí yóò padà sí ipò ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí: ayò tí ẹni méjì tí kò ní òṣùwọ̀n bá bá ara wọn ta kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn láǹfààní lórí ìwé. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ 20 ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni àgbà ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìlá kóra jọ, tí wọ́n ra pátákó, tí wọ́n pe ìdíje, tí wọ́n sì ta ayò láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá sí ẹnì kan tó ti ní òṣùwọ̀n láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ kò ju eré lọ lójú FIDE. Ẹ̀bùn lè wà lára wọn, kódà ó lè jẹ́ ọ̀ta gidi ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹni tó fẹ́ wọn iṣu láìní ìwọ̀n lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn rí.

Lẹ́yìn téèyàn bá ti wọlé, dídúró síbẹ̀ rọrùn. Ayò kan ṣoṣo láàárín ọdún kan ti tó. Ẹni tí wọ́n sì ti fi àmì "i" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kò pàdánù iye rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ta ayò kan tí wọ́n kà, àmì náà yóò kúrò, yóò sì padà sínú àwọn tí wọ́n ń tò. Oyè náà tún yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n. Oyè International Master tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bíi Oladapo Adu àti Odion Aikhoje gbà kì í ṣá, kò sì sí iye ọdún tí yóò gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn. Òṣùwọ̀n nìkan ló ń fẹ́ kí wọ́n máa bomi rin òun.

Òfin yìí kò mọ ẹni ńlá yàtọ̀. Garry Kasparov, ọmọ Rọ́ṣíà tó ti wà lókè ìwé náà fún nǹkan bí ogún ọdún, kéde lóṣù kẹta ọdún 2005, lẹ́yìn ìdíje Linares ní Sípéènì, pé òun ti fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó lè já ipò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, 2812 rẹ̀ ṣì wà lórí gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́wàá tó ti ta ayò kẹ́yìn. Nígbà tí ìwé oṣù kẹrin ọdún náà jáde, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Veselin Topalov, ọmọ Bulgaria, ló di ẹni kìn-ín-ní lágbàáyé. Kàlẹ́ńdà ló nà Kasparov.

Ayò kan lọ́dún lè tó láti fi orúkọ sílé, ṣùgbọ́n ó hàn pé FIDE fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò tó fún ohun tó bá tóbi. Ní 2022, àjọ náà fòfin de Sergey Karjakin nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ láti ti ogun Rọ́ṣíà ní Ukraine lẹ́yìn, ìyẹn sì ṣí àyè kan sílẹ̀ nínú ìdíje Candidates, èyí tí ń yan ẹni tí yóò bá olórí àgbáyé díje. Ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ga jù tí kò tíì ní àyè ló yẹ kí wọ́n fún, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti ta ayò 30 láàárín ọdún kan. Ding Liren, ọmọ China, ló ga jù. Ayò 4 péré ló ti ta, torí àrùn Kòrónà kò jẹ́ kó lè jáde ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kí ni àjọ ṣẹ́ẹ̀sì China ṣe? Wọ́n ṣètò ìdíje fún un nílé, lọ́kan lẹ́yìn òmíràn, láàárín nǹkan bí oṣù kan, títí iye náà fi pé. Ó lọ sí Candidates ní Madrid, ó ṣe ipò kejì. Nígbà tí Magnus Carlsen kọ̀ láti dáàbò bo oyè rẹ̀, Ding bá Ian Nepomniachtchi díje ní Astana, ó sì di olórí ayé lóṣù kẹrin ọdún 2023. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé àṣejù ni kíka iye ayò, kó rántí pé iye ayò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oyè àgbáyé lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

Ní 2025, ẹni kejì lágbàáyé, Hikaru Nakamura ti Amẹ́ríkà, nílò ayò 40 kó lè fi òṣùwọ̀n rẹ̀ gba àyè nínú Candidates ọdún 2026. Ó di èrò ìdíje kéékèèké ní ìpínlẹ̀ Louisiana àti ní Iowa, níbi tó ti ń bá àwọn tó fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún jù lọ ta ayò. Àwọn kan bínú sí i. Àwọn mìíràn ní kò rú òfin kankan, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ohun tí kò yẹ kó fo ọmọ Ìgbómìnà ni pé nínú àwọn ìdíje kéékèèké bẹ́ẹ̀, ọmọ abúlé kan jókòó ti ẹni kejì lágbàáyé, òfin kíka ayò ló sì gbé àgbà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ayò ló sì wà tí kò ní ka nǹkan kan lórí ìwé yìí bó ti wù kó gùn tó. Láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2024, Tunde Onakoya, ẹni tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2018, jókòó sí Times Square ní New York, òun àti Shawn Martinez, wọ́n ta ayò fún wákàtí 60. Gbogbo ayé ló gbọ́, owó sì wọlé fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò rílé ẹ̀kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdíje tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún òṣùwọ̀n. Bákan náà ni ayò orí íntánẹ́ẹ̀tì: òṣùwọ̀n tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹni tó fi fóònù ta ẹgbẹ̀rún ayò lóru, tí kò dé ibi ìdíje, àmì "i" ń bọ̀ wá bá a.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní ìwé tiwọn lẹ́yìn ti FIDE. Àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé tirẹ̀ jáde lóṣooṣù láti 2020. Ní Amẹ́ríkà, ayò 4 ti tó kí ẹni tuntun fi ní iye, àmọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí títí yóò fi ta 26. Inú ìwé yẹn ni aráyé ti mọ Tanitoluwa Adewumi, ọmọ Nàìjíríà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé sá wá sí New York lẹ́yìn tí Boko Haram halẹ̀ mọ́ ìdílé wọn. Lóṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé ní ilé àwọn aláìnílé, ó gba ife ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ New York láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 8 ni. Lóṣù karùn-ún ọdún 2021, iye rẹ̀ ti dé 2223, ó sì di ọ̀gá ní ọmọ ọdún 10. Ẹ̀bùn ló ní, a kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó bọ́ sí ní ìdíje tí wọ́n ń kà láti òpin ọ̀sẹ̀ kan dé èkejì, ọmọ kan kò sì lè fi ẹ̀bùn nìkan gun òkè yẹn láàárín ọdún díẹ̀.

Ǹjẹ́ wọ́n lè ta ayò tí FIDE yóò kà ní Ìlá? Bẹ́ẹ̀ ni. Nigeria Chess Federation ló gbọ́dọ̀ forúkọ ìdíje náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ FIDE kó tó bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Fún ayò gígùn, bí kò bá sí ẹni tó tó 1800 láàárín wọn, ó kéré tán wákàtí kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fún ayò rẹ̀. Bí ẹni tó ní 1800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà níbẹ̀, ó di ìṣẹ́jú 90. Ayò náà kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 12 lọ lóòjọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ayò wákàtí méjì-méjì, mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, méjì lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Márùn-ún pé. Yàrá ìkàwé kan, pátákó, aago ṣẹ́ẹ̀sì àti tábìlì ti tó.

Ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn tó ti ní òṣùwọ̀n, ibẹ̀ sì ni àwọn tí ìwé ti pa tì ti wúlò. Ẹni tó ń ta ayò nígbà tó wà ní yunifásítì, tó gba òṣùwọ̀n, tó wá níyàwó, tó bímọ, tí iṣẹ́ gbà á lọ́kàn, tí àmì "i" ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, iye rẹ̀ kò kú. Bó bá bá ọmọ tí kò ní òṣùwọ̀n ta ayò nínú ìdíje tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ayò náà yóò wà lára márùn-ún tí ọmọ náà ń wá, àgbà náà yóò sì padà sínú ìwé. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lè wà ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ifẹ̀, ní Ìlọrin, ó sì lè wà láàárín àwọn ọmọ Ìgbómìnà ti Kwara, ní Ọ̀mù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, tí ọ̀nà wọn kò jìn sí Ìlá. Ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ìlú ló sì ń wálé nígbà Kérésì àti Àjíǹde. Bí ìdíje bá bọ́ sí àkókò náà, owó ọkọ̀ tí wọn ìbá fi wá wọn kiri ti dínkù.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ ká fi pamọ́. Bí ẹgbẹ́ kékeré kan bá ń ta ayò láàárín ara wọn nìkan, iye wọn lè máa gòkè láìsí òtítọ́ nínú rẹ̀. Claude Bloodgood, ẹlẹ́wọ̀n kan ní ìpínlẹ̀ Virginia, ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ayò pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí iye rẹ̀ nínú ìwé Amẹ́ríkà fi kọjá 2700 ní 1996, tó sì di ọ̀kan lára àwọn tó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Kò sẹ́ni tó gbà pé agbára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àlejò gbọ́dọ̀ máa wọ Ìlá, ọmọ Ìlá náà sì gbọ́dọ̀ máa jáde.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn 10 tó ga jù láàárín àwọn tó ń ta ayò lọ́wọ́ ni FIDE ń fi to àwọn orílẹ̀-èdè tẹ̀ léra. Ọ̀ta tí àmì "i" bá bò kò ṣe Nàìjíríà láǹfààní nínú ìtò yẹn, bó ti wù kí iye rẹ̀ ga tó.

Ẹni tó bá forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùṣètò bóyá wọ́n ti fi tó FIDE létí, torí pé ife ẹ̀yẹ ńlá àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá kò túmọ̀ sí pé wọn yóò ka ayò rẹ̀. Ọmọ náà yóò ní nọ́ńbà FIDE, èyí tí àjọ orílẹ̀-èdè ń bá a gbà. Lẹ́yìn ìdíje, adájọ́ ló ń kó àbájáde jọ tí yóò fi ránṣẹ́, àbájáde tí kò bá sì dé FIDE dà bí ayò tí wọn kò ta. Bó bá dé lásìkò, ìwé oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọn yóò ti rí i: ọmọ tuntun pẹ̀lú iye rẹ̀ àkọ́kọ́, àti àgbàlagbà tó wálé fún Àjíǹde, tí àmì "i" ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.